Kí gan-an ni iṣẹ́ wide receiver nínú football àwọn ará Amẹ́ríkà?

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń wo football àwọn ará Amẹ́ríkà, pàápàá tí Super Bowl, ìyẹn eré àṣekágbá wọn, bá dé lóṣù kejì, ìbéèrè kan náà la máa ń bi ara wa: àwọn ọkùnrin méjì mẹ́ta tó máa ń dá dúró létí pápá lọ́hùn-ún yẹn, kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Àwọn yòókù ti kóra jọ sáàárín, wọ́n ń fi èjìká gbá ara wọn, àwọn tibí kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, eré á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sáré lọ wọ́n á sáré bọ̀, ìgbà míì sì rèé bọ́ọ̀lù ò ní dé ọ̀dọ̀ wọn fún bíi ìdajì wákàtí. Àwọn yẹn ni wọ́n ń pè ní wide receiver. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iṣẹ́ wọn ò ju kéèyàn mọ eré é sá kó sì lè mú bọ́ọ̀lù, onítọ̀hún ò tíì sọ ìdajì ọ̀rọ̀. Mímú bọ́ọ̀lù ló kẹ́yìn gbogbo ẹ̀. Ohun tó le níbẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ tán kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú, ohun tí mo sì fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn torí ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ń fojú kéré wọn.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà rárá, ẹ jẹ́ n sáré sọ ọ́. Èèyàn 11 ló ń wà lórí pápá fún tíìmù kọ̀ọ̀kan, pápá náà gùn tó yáàdì 100 (yáàdì kan fi díẹ̀ dín sí mítà kan), ibi tí wọ́n ń pè ní end zone sì wà ní ìparí méjèèjì, yáàdì mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù wọ end zone àwọn tọ̀hún, tàbí tó mú bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ti gba touchdown nìyẹn, máàkì 6. Tíìmù tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ ẹ̀ ní àǹfààní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti fi rin yáàdì 10, tí wọ́n bá rìn ín wọ́n tún ní mẹ́rin míì, tí wọn ò bá rìn ín bọ́ọ̀lù á bọ́ sọ́wọ́ àwọn tọ̀hún. Ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà ṣe é: kẹ́nì kan gbé bọ́ọ̀lù mọ́ àyà kó máa fipá já àárín wọn kọjá, tàbí kí quarterback, ìyẹn ọ̀gá tó ń darí eré, jù ú síwájú sí ẹni tó ti sáré lọ. Kó tó di 1906 òfin ò tiẹ̀ gbà kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù síwájú, ìkọlura lásán ló pọ̀ jù nínú eré náà nígbà yẹn, àwọn ọmọléèwé ń kú lórí ẹ̀, ara ohun tó sì mú kí wọ́n yí òfin padà nìyẹn.

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń rú èèyàn lójú ni pé kì í ṣe gbogbo èèyàn 11 yẹn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti mú bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù síwájú. Òfin sọ pé ó kéré tán èèyàn 7 gbọ́dọ̀ tò sórí ìlà tí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sí nígbà tí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn 7 yìí, ẹni tó wà lópin lápá ọ̀tún àti ẹni tó wà lópin lápá òsì nìkan ló lè gba bọ́ọ̀lù, àwọn géńdé 5 tó wà láàárín, àwọn tó sanra jù lórí pápá yẹn, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n dáàbò bo quarterback. Àwọn tó dúró sẹ́yìn ìlà náà lè gbà á. Tí ẹ bá wá yọ quarterback kúrò, èèyàn 5 péré ló kù, kóòṣì ló sì máa pinnu wide receiver mélòó ló fẹ́ nínú wọn, lóde òní mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù, àwọn méjì tó kù á jẹ́ tight end tó dúró ti àwọn géńdé àti running back tó wà lẹ́yìn. Tí ẹ bá rí receiver tó yíjú sí rẹfirí ẹ̀gbẹ́ ìlà tó sì na ọwọ́ sí i kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe pé ó ń kí i o, ó ń fi hàn án bóyá orí ìlà lòun wà tàbí ẹ̀yìn ẹ̀. Tó bá ṣèèṣì sún síwájú tó bo ẹnì kejì ẹ̀ mọ́ inú ìlà, ẹnì kejì ẹ̀ ò lẹ́tọ̀ọ́ mọ́ nìyẹn, touchdown tí wọ́n bá sì gbà lè di òfo.

Àwọn wide receiver fúnra wọn pín sí oríṣi mẹ́ta. Ẹni tí wọ́n ń pè ní X máa ń dúró sórí ìlà gan-an, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé òun nìkan ló wà lápá ibẹ̀. Tiẹ̀ ló nira jù lójú tèmi, torí ẹni tó ń dènà ẹ̀ lè wá dúró tì í, imú sí imú, kó sì máa tì í láti ìbẹ̀rẹ̀. Z wà lápá kejì, ó fi ẹsẹ̀ bíi kan sí méjì wà lẹ́yìn ìlà, ìyẹn á fún un ní àyè díẹ̀ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó bà á, ó sì lè rìn kọjá láti apá kan sí ìkejì kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni kẹta ni slot, ó wà láàárín ẹni tó wà létí pápá àti àwọn géńdé. Àwọn tó kúrú àmọ́ tí ara wọn yá bí iná ló pọ̀ níbẹ̀. Julian Edelman ti tíìmù Patriots jẹ́ ọ̀kan lára wọn, quarterback ni nígbà tó wà ní yunifásítì Kent State, nígbà tó dé NFL, ìyẹn líìgì àwọn tó ń fi eré náà ṣiṣẹ́ ṣe, ló di receiver, ní Super Bowl tí wọ́n gbá lọ́dún 2019 ó mú bọ́ọ̀lù ẹ̀ẹ̀mẹwàá fún yáàdì 141, òun ni wọ́n sì fún ní ẹ̀bùn ẹni tó dáa jù lọ́jọ́ yẹn.

Ìrìn tí mo ní Z máa ń rìn kọjá yẹn, kì í ṣe ìgbafẹ́. Òfin gba ẹnì kan ṣoṣo láyè láti máa rìn tàbí sáré nígbà tí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀lù, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti máa lọ síwájú. Tó bá ń kọjá lọ, tí ẹnì kan nínú àwọn tó ń dènà sì tẹ̀ lé e láti apá ibí dé apá ọ̀hún, quarterback ti mọ̀ pé ẹnì kan sí ẹnì kan ni wọ́n ń ṣọ́ wọn lónìí. Tí kò bá sẹ́ni tó tẹ̀ lé e, tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n kàn sún díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àgbègbè ni kálukú ń ṣọ́, ẹni tó bá wọ àgbègbè mi lèmi á mú. Ìsọfúnni ńlá nìyẹn o, receiver ló sì fi ẹsẹ̀ ẹ̀ wá a kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ó dáa, wọ́n ti gbé bọ́ọ̀lù, eré ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí receiver kọ́kọ́ máa bá pàdé ni cornerback, ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ pé kó má rí bọ́ọ̀lù gbà. Láti 1978 ni òfin NFL ti sọ pé láàárín yáàdì 5 àkọ́kọ́, cornerback lè fọwọ́ tì í, ó lè gbá a láyà, ó lè dí i lọ́nà, àmọ́ tí receiver bá ti kọjá yáàdì 5 yẹn kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, fáúlù ni. Ṣáájú ìgbà yẹn, àyè tí wọ́n ní láti fìyà jẹ receiver lójú ọ̀nà pọ̀ ju báyìí lọ fíìfíì. Àmọ́ yáàdì 5 náà tó kéèyàn fi ba gbogbo ètò jẹ́, torí ẹni tí wọ́n bá dá dúró fún sẹ́kọ́ńdì kan ṣoṣo ti pẹ́ débi tó ń lọ. Ohun tí ọ̀jáfáfá receiver máa ń ṣe ni pé á mi èjìká sí ìta, á gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba ìta lọ lóòótọ́, cornerback á yí ìdí tẹ̀ lé e, ibi tó ti ń yí ìdí yẹn ni receiver á ti fọwọ́ gbá ọwọ́ ẹ̀ dànù, á sì gba inú kọjá. Ẹ wá fídíò Davante Adams nígbà tó wà ní Packers, ẹ má wo bọ́ọ̀lù rárá, ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹ máa rí ohun tí mò ń sọ.

Tó bá ti kọjá, ibo ló ń lọ? Kì í ṣe ibi tó bá ṣáà ti wù ú. Wọ́n ti kọ ọ̀nà tí kálukú máa sá sínú ìwé kó tó di ọjọ́ eré, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ, ọ̀pọ̀ kóòṣì sì ń fún wọn ní nọ́ńbà láti 0 dé 9. Nínú ètò tó wọ́pọ̀ jù, 2, 4, 6 àti 8 máa ń yà sí àárín pápá, 1, 3, 5 àti 7 máa ń yà síta síbi ìlà ẹ̀gbẹ́, 9 ní tiẹ̀ kò yà síbì kankan, kó ṣáà máa sáré lọ tààrà ni. 2 ni wọ́n ń pè ní slant, ìgbésẹ̀ bíi mẹ́ta síwájú, á já gba inú ní ìdágẹ̀ẹ́rẹ́, bọ́ọ̀lù á sì ti dé. 4 ni curl, á sáré dé nǹkan bíi yáàdì 12, á dúró wàì, á sì yíjú padà sí quarterback. 8 ni post, á sáré lọ jìnnà, á wá tẹ̀ sí ọ̀nà òpó tó wà ní ìparí pápá, ibẹ̀ ni touchdown ńláńlá ti máa ń jáde. 5 ni out, òun ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ wò.

Receiver tó ń sá out á kọ́kọ́ sáré bí ẹni pé end zone ló ń lọ, á tẹ àyà síwájú, apá ẹ̀ á máa fì, cornerback á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn torí kò fẹ́ kó kọjá òun. Tó bá di nǹkan bíi yáàdì kẹwàá, receiver gbọ́dọ̀ pa gbogbo eré yẹn lẹ́ẹ̀kan náà: á rẹ ìdí sílẹ̀, á tẹ orúnkún, á fi ẹsẹ̀ tó wà lápá àárín pápá tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ gírígírí, á wá yí gbogbo ara sí ìlà ẹ̀gbẹ́. Tó bá nàró díẹ̀ kó tó yà, ó ti tú àṣírí. Tó bá tẹ ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́fà kó tó dúró, ó ti tú àṣírí. Tó bá bojú wo ibi tó fẹ́ yà sí, àṣírí ti tú pátápátá, cornerback á ṣíwájú ẹ̀ dé ibẹ̀ á sì gba bọ́ọ̀lù lọ sí end zone òdìkejì láìsí ẹni tó máa dá a dúró. Àwọn tó ga gan-an máa ń jìyà lórí èyí torí ìdí wọn jìnnà sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń yìn ẹni tó ga tó Calvin Johnson tó sì ń yà bí ẹni kúkúrú. Ọkùnrin yẹn kó yáàdì 1,964 jọ lọ́dún 2012 fún Detroit Lions, kò sì sí ẹni tó tíì kó iye yẹn jọ rí nínú sáà kan kó tó dé.

Ìdí tí mo fi pẹ́ lórí yíyà yìí ni pé quarterback kì í dúró kí receiver yà tán kó tó ju bọ́ọ̀lù. Òun náà ń ka ẹsẹ̀ tiẹ̀ bó ṣe ń rìn sẹ́yìn: ìgbésẹ̀ mẹ́ta fún àwọn ọ̀nà kúkúrú bíi slant, márùn-ún fún àwọn tó wà láàárín, méje fún àwọn tó jìnnà, tó bá sì ti fi ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn tẹlẹ̀, bọ́ọ̀lù ti ń lọ nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí receiver ṣì kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹ wo àwọn ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó, tí ọ̀nà bá ṣàdéédéé là tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, kì í ṣe ibi tí fèrèsé wà ni wọ́n máa ń ju omi sí, ibi tí fèrèsé máa dé ni. Quarterback náà ń ju bọ́ọ̀lù síbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, nígbà tí receiver bá yíjú, bọ́ọ̀lù ti wà lójú ọ̀run tó ń bọ̀ sí àyà ẹ̀. Torí ẹ̀ ni receiver tó sá ọ̀nà ẹ̀ ní yáàdì 11 dípò 10, tàbí tó fi ìgbésẹ̀ kan ṣòfò, fi ń mú kí quarterback dà bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jù. Àwọn tó ń wò nílé á ní ẹ wo bó ṣe ju bọ́ọ̀lù sínú afẹ́fẹ́, wọn ò mọ̀ pé ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni kò dé.

Ó tún kù. Àwọn ọ̀nà kan wà tí wọ́n á sọ fún receiver pé, tí o bá rí báyìí ṣe báyìí, tí o bá rí tọ̀hún ṣe tọ̀hún. Tí àwọn tó ń dènà bá ń ṣọ́ àgbègbè, kó wá àlàfo tó wà láàárín èèyàn méjì kó sì dúró síbẹ̀, tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló lẹ̀ mọ́ ọn, kó má dúró, kó máa sá lọ. Tó bá rí i pé èèyàn tó ń sáré lọ gbá quarterback mọ́lẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó ń dáàbò bò ó lọ, kó gé ọ̀nà ẹ̀ kúrú kó sì yíjú kíá, torí bọ́ọ̀lù ò ní pẹ́ jáde. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ rí ohun kan náà kí wọ́n sì ro ohun kan náà, ní sẹ́kọ́ńdì kan náà, pẹ̀lú ariwo ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, láìsí pé wọ́n bára wọn sọ̀rọ̀. Ibi tí ọ̀kan bá ti ro tiẹ̀ sí ọ̀tún tí èkejì ro tiẹ̀ sí òsì, bọ́ọ̀lù á bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, orúkọ quarterback ló sì máa wà nínú àkọsílẹ̀ bó tiẹ̀ jẹ́ pé receiver ló ṣìnà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ tuntun tó ti yunifásítì dé tí eré wọn yá gan-an fi lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún odindi ọdún kan.

Eré sísá wúlò o, mi ò sọ pé kò wúlò. Bob Hayes gba góòlù 100 mítà ní Olíńpíìkì Tokyo lọ́dún 1964, ọdún tó tẹ̀ lé e ló ti dé Dallas Cowboys, àwọn tó ń dènà ò rí ẹnikẹ́ni tó lè bá a sáré, bí wọ́n ṣe wá ń lo ìṣọ́ àgbègbè lọ́pọ̀lọpọ̀ nìyẹn torí ẹnì kan ò lè dá ṣọ́ ọ. Àmọ́ ẹ wo Jerry Rice. Nígbà tí wọ́n ń yan àwọn ọmọ tuntun lọ́dún 1985, receiver méjì ni wọ́n kọ́kọ́ mú ṣáájú ẹ̀, ipò kẹrìndínlógún ni San Francisco 49ers tó mú un, ọ̀pọ̀ ló sì ń ṣiyèméjì torí aago ò sọ pé eré ẹ̀ yá tó. Bàbá ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà ní Mississippi, Rice máa ń bá a ṣiṣẹ́, àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá á máa ju bíríkì sókè sí i, òun á sì máa mú un, ọwọ́ ẹ̀ sì gbà á. Nígbà tó dé NFL, kò sí ọ̀nà kan tó sá tí kò sá a dọ́gba, bó ṣe ń sá èyí tí bọ́ọ̀lù máa dé náà ló ń sá èyí tí bọ́ọ̀lù ò ní dé. Ó parí pẹ̀lú yáàdì 22,895, bọ́ọ̀lù 1,549 ló mú, touchdown 197 ló fi mímú bọ́ọ̀lù gbà. Larry Fitzgerald tó wà ní ipò kejì ní 17,492, ẹ wo bí àlàfo yẹn ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó bá sọ pé eré sísá ló ń ṣe receiver, kó bá mi ṣàlàyé Rice.

Ní báyìí, bọ́ọ̀lù ti dé. Ibi tí ariwo ti pọ̀ jù nìyí, torí ohun tí ojú wa rí gẹ́gẹ́ bíi mímú àti ohun tí òfin pè ní mímú kì í fìgbà gbogbo dọ́gba. Ní NFL, ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé: bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀ dáadáa kó má máa yọ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ láàárín pápá (tàbí orúnkún, tàbí ìgúnpá, ọwọ́ nìkan ni kò kà), lẹ́yìn náà kó ṣe ohun kan tó fi hàn pé ó ti ní bọ́ọ̀lù, bíi kó gbé ẹsẹ̀ kẹta tàbí kó na bọ́ọ̀lù síwájú, tàbí kó ti dì í mú pẹ́ débi tó fi lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní football yunifásítì, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó. Ẹsẹ̀ kejì yẹn ló ń ya àgbà sọ́tọ̀. Ní Super Bowl oṣù kejì 2009, Steelers ń bá Arizona Cardinals gbá a, ó ku sẹ́kọ́ńdì 35, wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí Santonio Holmes ní kọ̀rọ̀ end zone, mẹ́ta nínú àwọn tó ń dènà ló yí i ká, bọ́ọ̀lù sì ga débi pé ó ní láti nà tán pátápátá kó tó lè mú un, gbogbo ara ẹ̀ ti ń ṣubú síta pápá, àmọ́ ó fi orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ koríko títí bọ́ọ̀lù fi wà lọ́wọ́ ẹ̀. Touchdown. Wọ́n ṣẹ́gun pẹ̀lú 27 sí 23. Mo ti wò ó tí mi ò lè kà á mọ́, mo ṣì máa ń wo ìka ẹsẹ̀ yẹn.

Ti ẹnì kan ò dára bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní 2015, Dez Bryant ti Cowboys fò sókè lórí ẹni tó ń ṣọ́ ọ ní pápá Green Bay, ó mú bọ́ọ̀lù, ó gbé ẹsẹ̀, ó na ọwọ́ sí end zone bó ṣe ń ṣubú, bọ́ọ̀lù wá kan ilẹ̀ ó sì ta. Rẹfirí kọ́kọ́ ní ó mú un, wọ́n wo fídíò, wọ́n ní kò mú un, torí òfin ìgbà yẹn ni pé ẹni tó bá ń ṣubú gbọ́dọ̀ di bọ́ọ̀lù mú títí tó fi balẹ̀ tán. Cowboys pàdánù 26 sí 21, àwọn èèyàn jà lórí ẹ̀ fún ọdún gbáko. Ọdún 2018 ni wọ́n tó yọ ọ̀rọ̀ ṣíṣubú yẹn kúrò tí òfin fi rí báyìí. Èrò tèmi ni pé bí òfin ṣe wà báyìí ló bá ojú mu jù, torí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta tó sì ń na bọ́ọ̀lù síwájú ti mú bọ́ọ̀lù, kí la tún ń wá?

Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n ń wọ̀ náà ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ó lẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Láyé àtijọ́ àwọn kan máa ń fi nǹkan tó ń lẹ̀ para lọ́wọ́, NFL fòfin de ìyẹn lọ́dún 1981.

Ẹ̀sùn tí ẹ máa gbọ́ jù lẹ́nu receiver ni pass interference, ìyẹn ni pé bọ́ọ̀lù ti wà lójú ọ̀run, ẹni tó ń ṣọ́ ọ wá fà á lápá tàbí kó lù ú kí bọ́ọ̀lù tó dé. Ìyà ẹ̀ ní NFL lágbára gan-an: ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ ni wọ́n máa gbé bọ́ọ̀lù lọ, ì báà jẹ́ yáàdì 40 síwájú, tó bá sì jẹ́ inú end zone ni, yáàdì 1 sí ìlà ni wọ́n á gbé e sí. Receiver náà lè jẹ̀bi ẹ̀ tó bá ti ẹni tó ń ṣọ́ ọ dànù láti fi wá àyè.

Èyí tí wọn ò kì í gbóríyìn fún wọn lórí ẹ̀ rárá ni iṣẹ́ ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù ò kàn wọ́n. Tí running back bá ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ ẹ, ìwọ receiver lo máa dí cornerback lọ́nà, ọ̀pọ̀ eré gígùn tí ẹ rí tí running back sá tó yáàdì 50, ẹ tún un wò, ẹ máa rí receiver kan níwájú tó ti èèyàn kan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Hines Ward ti Steelers mọ iṣẹ́ yìí débi pé lẹ́yìn tó fọ́ ẹnì kan lágbọ̀n lọ́dún 2008 pẹ̀lú ìdènà tí onítọ̀hún ò rí tó ń bọ̀, líìgì ṣe òfin tuntun lórí irú ìdènà bẹ́ẹ̀. Ìgbà míì sì wà tó jẹ́ pé gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹni tó yá jù ṣe ni kó sáré lọ jìnnà pẹ̀lú gbogbo agbára, kó kó èèyàn méjì tẹ̀ lé ara ẹ̀, kí àárín lè ṣófo fún ẹlòmíì. Ó mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ò bọ̀ lọ́dọ̀ òun, ó sì gbọ́dọ̀ sá a bí ẹni pé ó ń bọ̀.

Àwọn tiwa náà wà níbẹ̀ o. Èkó ni wọ́n bí Nelson Agholor sí lọ́dún 1993, ó ṣì kéré nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Florida. Philadelphia Eagles mú un lọ́dún 2015, ó kọ́kọ́ ṣòro fún un létí pápá, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e sí slot lọ́dún 2017 nǹkan yí padà, nínú Super Bowl tó parí sáà yẹn ó mú bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án fún yáàdì 84, Eagles sì lu Patriots 41 sí 33. Ẹni kan náà ni, ìwọ̀nba yáàdì díẹ̀ ni wọ́n fi sún un wọnú, ẹ̀yin náà ẹ wo bí ibi téèyàn ń dúró sí ṣe ṣe pàtàkì tó. Olamide Zaccheaus náà wà, orúkọ Yorùbá pọ́ńbélé, kò ga rárá, kò sì sí tíìmù kankan tó yàn án lọ́dún 2019 tó parí yunifásítì Virginia, Atlanta Falcons ló kàn fún un láyè kó wá gbìyànjú. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó mú ní NFL, nínú oṣù kejìlá ọdún yẹn, touchdown yáàdì 93 ló jẹ́.

Ìdí tí gbogbo èyí fi fara pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ wa ni kámẹ́rà. Quarterback àti bọ́ọ̀lù ni tẹlifíṣọ̀n ń tẹ̀ lé, kété tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀ àwọn receiver á ti jáde kúrò lójú àwòrán, ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá balẹ̀ sọ́wọ́ wọn la tó tún rí wọn, ó wá dà bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Fídíò míì wà tí àwọn kóòṣì ń lò, All-22 ni wọ́n ń pè é, òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń yà á, èèyàn 22 ló máa ń hàn nínú ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Àwọn onímọ̀ máa ń fi díẹ̀ nínú ẹ̀ sórí YouTube pẹ̀lú àlàyé. Ẹ yan receiver kan ṣoṣo, ẹ tẹ̀ lé e fún eré bíi márùn-ún láì wo bọ́ọ̀lù, ẹ wo ibi tó dúró sí, ẹsẹ̀ tó fi ya, àti bóyá ó ti yíjú kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ quarterback.